Ta Ló Mu Ọmú Ìyá Jìbírílù?

Woodridge, nítòsí Chicago
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kejì, ọdún 1987

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti àárín yìnyín. Ẹ kú àìrí mi. Ṣé Màámi ń gbádùn, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Ara èmi le. Òtútù ọdún yìí kò kéré: ní àárọ̀ àná, ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi dì pa, ẹ̀yìn ni mo gbà wọlé bí olè, tí Josephine aládùúgbò mi ń fi mí rẹ́rìn-ín láti ojú fèrèsé.

Ẹ ní àwọn ará mọ́ṣáláṣí ń bi yín pé kí ni Kàfáyàtù ń ṣe ní ọsibítù òyìnbó, ẹ kò sì rí èsì fún wọn ju pé “ó ń wo nǹkan nínú ìgò.” Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, kí ẹ lè bá wọn ṣàlàyé.

Inú ara ènìyàn kún fún ọmọ ogun tí ojú kò lè rí. Bí àrùn kan bá wọlé, wọn á gbógun tì í. Tí wọ́n bá ṣẹ́gun, díẹ̀ nínú wọn kì í kú. Wọn á máa rántí ojú ọ̀tá yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ayé yín ṣe wolé-wolé, tí ẹ ń kó àwọn abúpá kiri abúlé, ẹ mọ èyí ju èmi lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tuntun kò tíì ní ogun tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń yá a. Apá kan ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Apá kejì ń bá omi ọyàn wọlé, ó sì ń dúró sínú ìfun ọmọ náà bí ọlọ́dẹ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ tèmi ni láti ka iye ọlọ́dẹ tó wà nínú omi ọyàn. Èyí tí wọ́n pọ̀ sí jù ni ti ọjọ́ kìíní sí ìkẹta, èyí tó ki tó sì pupa rẹ́súrẹ́sú. Ẹ bá mi bi Màámi: ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn ìyá ilé wa máa ń fún èyí àkọ́kọ́ yẹn dànù? Ọ̀gá mi fẹ́ mọ̀, èmi náà fẹ́ mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni mo fi ti àkọ́kọ́ bò lójú. Bàbá, mo ti rí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́. Mùstàfá Ọládòṣù ni orúkọ rẹ̀. Apòògùn ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní Tinley Park. Kì í fi ìrun ṣeré, kì í sì í pariwo. Ṣakí ni wọ́n bí i sí. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, iwájú kóòtù ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà kí ó tó di olóògbé. Ràhámọ̀tù ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́. Tí ẹ bá fi ọwọ́ sí i, ìmáàmù níbí yóò so yìgì wa ní Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà. Ẹnu yín ni mo ń wò.

Ọmọ yín,
Kàfáyàtù.


Ẹdẹ
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta, ọdún 1987

Kàfáyàtù ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ. Lẹ́tà rẹ dé, mo sì kà á sókè fún ìyá rẹ. Ẹ̀wà ló ń ṣà lọ́wọ́. Nígbà tí mo dé ibi omi ọyàn, ó ní kí n kọ ọ́ báyìí: “Lóòótọ́ ni, a máa ń fún un dànù. Ìyá ọkọ mi ló dúró tì mí, ó ní ìdọ̀tí ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti yíjú, Jìbírílù ti mu tirẹ̀.” Ẹ̀gbọ́n rẹ kò ṣàìsàn kankan títí ó fi pé ọdún méjì, nítorí náà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ.

Ó wá tún sọ pé, “Sọ fún un pé ọmú mi nígbà yẹn tó ọmọ méjì. Èmi ni mo bọ́ ọmọ Ràhámọ̀tù, ìyàwó télọ̀, ní Ṣakí.”

Mo ti ṣí ojú ìwé kejì, mo ti ń kà á lọ, kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Mo kà dé ibi télọ̀. Mo kà dé ibi kóòtù. Mo kà dé ibi Ràhámọ̀tù. Ìyá rẹ gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀.

Ó ní, “Padà sẹ́yìn, kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Orúkọ náà kò yí padà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí. Ní Ṣakí, àwa àti télọ̀ náà jọ háyà ilé kan ni. Jìbírílù wà lọ́mú nígbà náà, Ràhámọ̀tù náà ní ọmọkùnrin kan lọ́mú. Ìnira inú mú Ràhámọ̀tù, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n là á níkùn, ó sì lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìyá rẹ ló ń fún ọmọ náà lọ́mú ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Èmi wà lórí ìrìn àjò iṣẹ́, n kò fi ojú mi rí i. Kí oṣù kan tó pé lẹ́yìn tí Ràhámọ̀tù dé láti ọsibítù ni ìjọba gbé wa kúrò ní Ṣakí, a kò sì gbúròó ara wa mọ́.

Wàá ní a kò tíì bí ọ nígbà náà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò yọ ọ́ sílẹ̀. Nínú ẹ̀sìn wa, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, tó bá mu ọmú obìnrin kan, ti di ọmọ obìnrin náà. Gbogbo ọmọ tí obìnrin yẹn bí, yálà ṣáájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ti di ọmọ ìyá rẹ̀. Wọn kò lè fẹ́ ara wọn láéláé. Lọ́dọ̀ àwọn kan, ó di ìgbà tó bá mu ún lẹ́ẹ̀marùn-ún kí òfin yìí tó mú un. Nínú ìlànà tí àwa ń tẹ̀ lé, ẹ̀ẹ̀kan péré tó. Ìyá rẹ sì fún un fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ sí mi pé ìyá ń bá omi ọyàn kó nǹkan sínú ọmọ. Ohun tí o ń fi ìgò wò nìyẹn. A ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ọmọ dáadáa ni Mùstàfá ń dún bí ẹni pé ó jẹ́. Inú mi kò dùn láti kọ èyí. Ẹ dá ọwọ́ dúró ná.

Bàbá rẹ,
Adéògún.


Woodridge
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta, ọdún 1987

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrònú. Ní Ọjọ́rú ni lẹ́tà yín dé. Mo kà á lórí ìdúró, mo sì tún jókòó kà á.

Ẹ dárí jì mí, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé n ó fi ìmọ̀ mi tú ọ̀rọ̀ náà ká. Mo kọ ojú ìwé méjì, mo tiẹ̀ ya àwòrán sí i. Mo ṣàlàyé pé àwọn ọlọ́dẹ inú omi ọyàn kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ìfun ni wọ́n ń dúró sí. Wọn kì í sì í pẹ́ lọ títí. Ẹni tó mu ọmú Màámi ní ọgbọ̀n ọdún ó lé sẹ́yìn, ẹyọ kan ṣoṣo nínú ọlọ́dẹ Màámi kò sí lára rẹ̀ mọ́. Bí mo bá fi másíìnì mi wò ó, n kò ní rí nǹkankan.

Mo kó bébà méjèèjì lọ bá Josephine, pé kí ó bá mi wò ó bóyá àlàyé náà já geere. Ẹ̀kọ́ nípa bí àwọn ènìyàn káàkiri ayé ṣe ń ṣe ìgbéyàwó, tí wọ́n sì ń ka ẹbí, ló ń kọ́ ní yunifásítì. Ó tẹ́tí gbọ́ mi dópin, ó wá ní, “Kàfáyàtù, ta ló sọ fún ẹ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ẹbí ń gbé?” Ó bi mí bóyá ẹ̀jẹ̀ kan náà ni èmi àti ìyàwó àbúrò yín. Mo ní rárá. Ó ní, “Ṣùgbọ́n ìyá lo sọ pé o ń pè é.” Ó sọ fún mi pé àwọn kan wà lórí àwọn òkè, nílẹ̀ tó jìnnà, tó jẹ́ pé bí ìjà bá sú ilé méjì, ilé kan á gbé ọmọ ọwọ́ wọn fún ìyá kan nínú ilé kejì pé kó fún un lọ́mú. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá yìnbọn sí ilé kejì, ọmọ ìyá rẹ̀ ló yìnbọn sí.

Mo fa bébà méjèèjì ya. Másíìnì mi lè ka ọlọ́dẹ. Kò lè ka ẹbí. Ohun tí ẹ sọ, lórí ohun tí ẹ̀dá ṣe ló dúró lé, kì í ṣe lórí ohun tó ṣẹ́ kù lára.

Nítorí náà, ìbéèrè kan péré ló kù: ta ló mu ọmú náà? Ràhámọ̀tù ní ọmọkùnrin méjì, Bàbá. Bọ̀dá Àmínù ni ẹ̀gbọ́n Mùstàfá, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Richton Park níbí ni àwọn àti Modúpẹ́ ìyàwó wọn ń gbé. Mo bi ìmáàmù pé tó bá jẹ́ Bọ̀dá Àmínù ló mu ún ńkọ́. Wọ́n ní ọmú kì í mú ju ẹni tó mu ún lọ: Bọ̀dá Àmínù á di ọmọ ìyá mi, ṣùgbọ́n kò kan Mùstàfá àbúrò wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wádìí bóyá bẹ́ẹ̀ ni lọ́dọ̀ yín náà.

Ẹ lè rò pé ọjọ́ orí yóò yanjú rẹ̀. Mo rò bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n kó pásípọ́ọ̀tù wọn wá. Lórí ìwé, oṣù kejì ọdún 1956 ni wọ́n bí Bọ̀dá Àmínù, oṣù keje ọdún kan náà ni wọ́n sì bí Mùstàfá. Ìyá kan náà, oṣù márùn-ún. Bọ̀dá Àmínù ní nígbà tí àwọn fẹ́ wọ iṣẹ́ ìjọba ni àwọn lọ búra ní kóòtù dín ọjọ́ orí kù, Mùstàfá náà sì lọ dín tirẹ̀ kù nígbà tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹnì kan kò sọ fún ẹnì kejì. Ìjọba Amẹ́ríkà sì tẹ̀ ẹ́ ní òǹtẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Bọ̀dá Àmínù ju Mùstàfá lọ ní bí ọdún mẹ́ta, ìyẹn ni gbogbo ohun tó dá wọn lójú. Ẹ tún wò ó: wọ́n ní ọ̀dọ̀ ìyá bàbá wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bọ̀dá Àmínù gbé dàgbà. Nítorí náà, tó bá jẹ́ ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni Màámi rí nínú ilé yẹn, ó lè jẹ́ pé èyí àgbà ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí èyí tó wà lọ́mú sì jẹ́ Mùstàfá.

Kí ni Màámi ń pe ọmọ náà? Ṣé ó ti hu eyín? Ohunkóhun tí wọ́n bá rántí, bó ti wù kó kéré, ẹ kọ ọ́ sí mi. Mùstàfá ti kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, a kò tíì rí èsì. Láti ìgbà tí lẹ́tà yín ti dé, kì í wọlé mi mọ́. Ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí kí mi, ó sì ń pè mí ní “Sister” lórí tẹlifóònù. Inú ń bí mi sí i, mo sì mọ̀ pé ohun tó tọ́ ló ń ṣe.

Ọmọ yín,
Kàfáyàtù.


Woodridge
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin, ọdún 1987

Bàbá mi,

Ó lé ní oṣù kan tí mo ti kọ̀wé. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé lẹ́tà ẹni kì í sùn ju ọjọ́ mẹ́ta lọ láìgba èsì. Tàbí ara Màámi kò yá ni? Ẹ má fi pamọ́ fún mi.

Ìmáàmù kò kọ orúkọ wa sílẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ó di ìgbà tí ẹ bá fọhùn. Mo lọ sí Richton Park ní Sọ́ńdè, n kò mọ ẹni tí mo jẹ́ nínú ilé náà. Bọ̀dá Àmínù rí mi tí mo dúró gbagidi sí kíṣìnì. Wọ́n ní, “Tó o bá jẹ́ àbúrò wa, wá fọ abọ́. Tó o bá jẹ́ ìyàwó wa, wá fọ abọ́. Abọ́ ò mọ̀yàtọ̀.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àfi Mùstàfá tó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n tí wọn kò tàn.

Bàbá, bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, n ó gbà. Àìmọ̀ yìí ni n kò lè fara dà.

Kàfáyàtù.


Ẹdẹ
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún, ọdún 1987

Kàfáyàtù ọmọ mi,

Ara ìyá rẹ yá. Lẹ́tà rẹ àkọ́kọ́ wà níwájú mi láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, èkejì sì dé lánàá. Ẹ̀bi èmi kọ́ ni. Ìyá rẹ ni kò jẹ́ kí n dáhùn. Ó ní òun kò ní fi ẹnu òun tú ìgbéyàwó ọmọ òun ká, òun kò sì ní fi ẹnu òun parọ́ síwájú Ọlọ́run, kí n fi òun sílẹ̀ kí òun ronú. Bí mo bá mú bírò, á ní, “Dúró ná.” Oṣù ààwẹ̀ bá wa lẹ́nu “dúró ná” yìí.

Ìmáàmù àgbà wa sọ bí ìmáàmù tiyín ti sọ: ẹni tó mu ọmú nìkan ni òfin náà mú. Àbúrò rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Èyí ni ohun tí ìyá rẹ rí níbi tí ó ti ń ronú. Ó ní òun kò mọ orúkọ ọmọ náà. Ràhámọ̀tù ń pè é ní “ọkọ mi,” òun sì ń pè é ní “Ọ̀gá,” torí pé bí ebi bá ń pa á, gbogbo ilé ló ń jí sí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin yẹn kò mọ orúkọ ara wọn dáadáa pàápàá: Ìyá Jìbírílù ni ìyá rẹ, èmi ni Wolé-wolé. Bí Mùstàfá bá kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ fẹ́ ọmọ Adéògún, kò lè yé e pé àwa ni.

Mo bi í nípa eyín, ó ní òun kò rántí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta ààwẹ̀, tí ó ń po ẹ̀kọ ìṣínu, ó dédé wí pé, “Apá rẹ̀ ń dùn ún.”

Mo ní, “Apá ta?”

Ó ní, “Apá Ọ̀gá. Àwọn abúpá rẹ ló ṣe é. Wọ́n wá sí ilé ní ọjọ́ kejì tí wọ́n gbé Ràhámọ̀tù lọ. Jìbírílù àti òun, wọ́n bu apá fún àwọn méjèèjì. Ti Jìbírílù jinná kíá. Ti Ọ̀gá wú, ó ṣọyún, lápá ọ̀tún, lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́. Bí mo bá gbé e sí ọmú òsì, apá yẹn á bọ́ sábẹ́, á figbe ta. Ọmú ọ̀tún nìkan ló mu títí ìyá rẹ̀ fi dé. Ọmú mi ọ̀tún wá tóbi ju òsì lọ. Ìgbà tí o dé láti ìrìn àjò, o fi mí ṣẹ̀sín.”

Ọmọ mi, òótọ́ ló sọ. Mo rántí ẹ̀sín náà. N kò mọ ohun tó fà á ní gbogbo ọdún wọ̀nyí.

Kí o wá lọ wo apá àwọn ọmọkùnrin méjèèjì.

Bàbá rẹ,
Adéògún.


Woodridge
Ọjọ́ ogún, oṣù karùn-ún, ọdún 1987

Bàbá mi, Màámi mi,

Ẹ kú ààwẹ̀ o. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí lẹ́tà yín dé ni mo wakọ̀ lọ sí Richton Park. Mo ní kí àwọn méjèèjì ká apá ṣẹ́ẹ̀tì wọn kí wọ́n gbé apá lé tábìlì. Bọ̀dá Àmínù ní, “Dókítà, ṣé ẹ̀jẹ̀ lo fẹ́ gbà ni? Ààwẹ̀ la gbà o.” N kò sọ ohun tí mo ń wá fún wọn.

Mùstàfá ni mo kọ́kọ́ wò. Apá rẹ̀ ọ̀tún mọ́ fínnífínní láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Òsì ni àmì tirẹ̀ wà, lókè, nítòsí èjìká. Ó rántí ọjọ́ tí wọ́n bù ú: ó ti wà ní kíláàsì kìíní, ó sì sápamọ́ sẹ́yìn pátákó ìkọ̀wé. Mo wá yí apá Bọ̀dá Àmínù sókè. Apá ọ̀tún, lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́, àmì róbótó kan wà níbẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ tó ojú kọ́bọ̀, ó sì hunjọ.

Modúpẹ́ ní, “Èyí? Wọ́n ní iná ló jó wọn.”

Bọ̀dá Àmínù ní, “Mo rò pé iná ni. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan míì fún mi.”

Mo wá ka lẹ́tà yín fún wọn. Nígbà tí mo dé ibi ọmú ọ̀tún, Mùstàfá dìde, ó jáde lọ sínú ọgbà, ó padà wọlé, ó sì tún jáde. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Àmínù kò kúrò nídìí tábìlì. Wọ́n ń wo apá wọn.

Bàbá, mo ní láti sọ òtítọ́ bí a ṣe kọ́ mi. Níbi tí ara bá ti kọ́kọ́ pàdé oògùn ìbúpá, ibẹ̀ ni ogun ti ń gbóná jù. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń wú, tí ó ń ṣọyún, tí àpá rẹ̀ kì í fi í parẹ́. Nítorí náà, ohun tí Màámi rántí àti ohun tó wà lára Bọ̀dá Àmínù bára mu. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí náà kò tíì kún ojú òṣùwọ̀n. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni àwọn abúpá bu apá ọ̀tún fún lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́. Ó sì máa ń ṣẹlẹ̀, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀, pé kí àpá ọmọ ọwọ́ parẹ́ bó bá dàgbà. Bí ó bá jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ mi ló gbé èyí wá, n ó ní kó padà lọ wá ẹlẹ́rìí kejì. Ìgbéyàwó mi ni, n kò gbọdọ̀ rẹ ìwọ̀n sílẹ̀ nítorí ara mi.

Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló kù. Mùstàfá gbọ́ níkẹyìn pé ìyá rẹ̀ kò sí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bímọ ní Ìlọrin, ó sì ti lọ bá a wẹ ọmọ láti oṣù kejì. Mo kọ àdírẹ́sì ilé náà sí ẹ̀yìn ìwé yìí.

Ọmọ yín,
Kàfáyàtù.


Ẹdẹ
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà, ọdún 1987

Kàfáyàtù ọmọ mi,

Olúyẹmí, ọmọ ilé kejì wa, ń padà sí Chicago lọ́la, nítorí náà òun ni mo fi ìwé yìí rán, kí ó má baà sùn sí ilé ìfìwéránṣẹ́.

Bí a ti jẹ ìtúnu ààwẹ̀ tán, ìyá rẹ gbéra lọ sí Ìlọrin. Mo ní n ó bá a lọ, ó ní rárá, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ni. Ìkìlọ̀ kan ni mo fún un: kò gbọdọ̀ fi èsì sí Ràhámọ̀tù lẹ́nu. Kí ó bi í bí ẹni tó kàn ń rántí àtijọ́.

Gẹ́gẹ́ bí ó ti rò ó fún mi, ẹ̀yìn ilé ló ti bá Ràhámọ̀tù tó ń sá aṣọ ìlédìí ọmọ. Ó wo ìyá rẹ títí, ó ní, “Ìyá Jìbírílù. O ti sanra.”

Ìyá rẹ ní, “Ìwọ náà ti hewú.”

Wọ́n jókòó. Wọ́n ka òkú, wọ́n ka alààyè. Ìyá rẹ wá ní, “Ìgbà tí wọ́n là ọ́ níkùn ní Ṣakí, ta lo fi sílẹ̀ fún mi?”

Ràhámọ̀tù ní, “Àmínù ni. Ta ni ì bá tún jẹ́? Ọdún kẹta lẹ́yìn tí ẹ lọ ni mo bí Mùstàfá.”

“Mo rò pé Àmínù wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ?”

“Lẹ́yìn tí mo já a lẹ́nu ọmú ni wọ́n wá mú un. Kò sì fẹ́ jáwọ́ lẹ́nu ọmú. Ìwọ lo bà á jẹ́. Ìgbà tí mo fi dé láti ọsibítù, ó kọ ọmú òsì, ọ̀tún nìkan ló ń béèrè.”

Ìyá rẹ ní òun bú sẹ́kún, Ràhámọ̀tù kò sì mọ ohun tí òun sọ tó fa ẹkún. Ó wá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Àwọn méjèèjì jọ sunkún, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ọmọ tuntun jí, ó bá wọn sunkún. Ràhámọ̀tù tẹ̀ lé e dé Ẹdẹ. Lánàá, iwájú ìmáàmù àgbà ni àwọn méjèèjì ti sọ ọ́. Ìmáàmù ní kò sí ohun tó dí ọ lọ́wọ́ láti fẹ́ Mùstàfá. Ràhámọ̀tù ṣì wà nínú ilé wa bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, wọn kò jẹ́ kí n sinmi.

Nítorí náà, fẹ́ ẹ. Ọlọ́run yóò fi àlùbáríkà sí i.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tó bá mu ọmú ìyàwó ẹni, ọmọ ẹni náà ni. Mo ti ní ọmọkùnrin kan ní Richton Park ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, n kò mọ̀. Ara àgbà kò jẹ́ kí n lè wọkọ̀ òfuurufú, Jìbírílù sì wà ní Máídúgùrì lẹ́nu iṣẹ́. Mo wádìí lẹ́nu ìmáàmù bóyá mo lè yan aṣojú tí yóò fi ọ́ fọ́kọ ní orúkọ mi, ó ní mo lè yan mùsùlùmí tó bá wù mí. Kí o fún Àmínù ní bébà kékeré tó wà nínú ìwé yìí, kí ó kà á sókè ní ọjọ́ náà. Kí o sì bá mi sọ fún Modúpẹ́ ìyàwó rẹ̀ pé mo kí i, ìyàwó mi ni.

Bàbá rẹ,
Adéògún.


Woodridge
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà, ọdún 1987

Bàbá mi, Màámi mi,

Ó ti parí, ó sì dára. Lánàá, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ni ìmáàmù so yìgì wa. N ó ròyìn rẹ̀ fún yín létòlétò.

Ẹ̀gbẹ́ méjì la pín yàrá sí, ẹ̀gbẹ́ ọkọ àti ẹ̀gbẹ́ ìyàwó. Mùstàfá wọlé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Tinley Park, ó ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kiri. Bọ̀dá Àmínù ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìyàwó láti àárọ̀, pẹ̀lú agbádá.

Mùstàfá ní, “Bọ̀dá, ọ̀dọ̀ wa ni ibí o.”

Bọ̀dá Àmínù ní, “Ọ̀dọ̀ yín ta? Bàbá ìyàwó lò ń bá sọ̀rọ̀. Dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ṣòkòtò tuntun ò ní ya.”

Ó dọ̀bálẹ̀. Bọ̀dá Àmínù kò tètè ní kó dìde. Wọ́n bi í bóyá yóò máa tọ́jú ọmọ Adéògún. Wọ́n bi í bóyá ó lè se ìrẹsì. Wọ́n bi í ọjọ́ orí rẹ̀, gbogbo yàrá sì bú sẹ́rìn-ín, títí kan ìmáàmù tó mọ ìtàn pásípọ́ọ̀tù. Josephine jókòó sí ẹ̀yìn pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ó ń fa ìlà láti orúkọ dé orúkọ. Nígbà tó yá ó pa ìwé náà dé, ó ní òun kàn fẹ́ máa wò.

Nígbà tí ó kan ìwé yín, Bọ̀dá Àmínù dìde dúró. Wọ́n kà á geere títí dé ibi tí ẹ ti kọ ọ́ pé, “Mo fi àṣẹ mi sí ọwọ́ ọmọ mi, Àmínù.” Ohùn wọn gé níbẹ̀. Mùstàfá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ̀gbọ́n òun kò tíì pé ọdún mẹ́wàá nígbà tí bàbá wọn kú. Ìmáàmù dúró dè wọ́n. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n kà á tán, wọ́n sì fà mí lé Mùstàfá lọ́wọ́ ní orúkọ yín.

Mo béèrè bébà náà lọ́wọ́ wọn kí n lè tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn lẹ́tà yín yòókù. Wọ́n ní kì í ṣe èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Wọ́n ní kí n fi àyè sílẹ̀ fún wọn nísàlẹ̀ ibí yìí.

Ọmọ yín,
Kàfáyàtù.

Bàbá àti Màámi, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Oṣù kejìlá ni mò ń bọ̀ nílé. Mo ti sọ fún ìyá mi ní Ìlọrin pé ọ̀dọ̀ yín ni n ó kọ́kọ́ yà sí, wọ́n sì gbà. Ní ti Mùstàfá, tó bá ṣẹ àbúrò mi, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu láti kọ̀wé sí i. Ẹ sọ fún mi. Ìrìn ọkọ̀ ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni láti Richton Park dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ọmọ yín,
Àmínù.